Gáàsì tí ó ń wọ ilẹ̀ Weyburn

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2000 ni wọ́n ti ń fi gáàsì kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáídì ránṣẹ́ láti iléeṣẹ́ kan ní ìlú Beulah ní ìpínlẹ̀ North Dakota, ní Amẹ́ríkà, gba inú páìpù tí ó gùn ju 300 kìlómítà lọ, kọjá ẹnubodè, títí dé pápá epo Weyburn ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tì í wọ inú àpáta tí ó wà ní nǹkan bí 1,450 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n ń fi iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí wá: kí epo tí ó kù nínú àpáta náà lè jáde, kí gáàsì tí ì bá fò lọ sójú òfurufú sì lè jókòó sí abẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ àpáta àti epo ni iṣẹ́ tí mo kọ́, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ pápá yìí, nítorí pé n kò mọ ibòmíràn tí ó tún fi hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ pé èèyàn lè ṣe ohun méjèèjì pa pọ̀, kí wọ́n má sì di ohun kan náà. Àwọn kan nínú àwọn tí ń ta epo a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo gáàsì tí ó bá ti wọ ilẹ̀ ti di ohun tí a fi pa mọ́. Àwọn kan tí ó kórìíra epo a sì máa sọ pé irọ́ gbáà ni ìfipamọ́ náà. N kò lè bá ẹgbẹ́ méjèèjì lọ, ìdí tí n kò fi lè bá wọn lọ ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Ọdún 1954 ni wọ́n rí epo ní Weyburn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìfúnpá inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ti epo jáde, bí ó ti máa ń rí ní pápá tuntun, ṣùgbọ́n agbára bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ní ọdún 1964, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti omi wọlé láti inú àwọn kànga kan kí omi náà lè máa lé epo lọ sọ́dọ̀ àwọn kànga yòókù. Epo pọ̀ sí i, pápá náà sì dé góńgó rẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà yẹn, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1991, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àwọn kànga tí ó ń yí ìdí padà nínú ilẹ̀ tí ó sì ń rìn ní ìbúlẹ̀ gba inú àpáta, ìyẹn náà sì ràn án lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, nínú epo tí wọ́n fojú bù sí nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti 400 mílíọ̀nù àgbá, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ṣì wà nínú àpáta nígbà tí ọdún 2000 fi dé.

Kí ló dé tí epo náà kò fi jáde? Ìdáhùn wà nínú àpáta. Ìpele méjì ni àpáta tí ó gba epo dúró ní Weyburn. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Vuggy, jẹ́ àpáta ẹfun tí ó ní ihò ńláńlá àti ìlà tí ó sán gba inú rẹ̀ kọjá, tí omi àti epo ń rí ọ̀nà gbà. Èyí tí ó wà lókè rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Marly, jẹ́ dólómáìtì, irú àpáta kan tí ó jọ àpáta ẹfun, tí ó sì kúnná púpọ̀. Bí ẹ bá mú ègé Marly kan tí wọ́n gbẹ́ jáde láti inú kànga, tí wọ́n sì ti fọ epo inú rẹ̀ kúrò, ẹ lè yí i síwá sẹ́yìn lọ́wọ́ títí kí ojú yín má rí ihò kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kán omi sí i: omi náà á kọ́kọ́ dúró, á tàn ká, lẹ́yìn náà ni àpáta á fà á mu, tí ojú ibẹ̀ á kàn ṣú díẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin òkúta náà ni ó jẹ́ àlàfo. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn àlàfo náà kéré jọjọ, ọ̀nà tí ó so wọ́n pọ̀ sì há, nítorí náà ohun púpọ̀ lè wọ inú rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní yára jáde.

Nígbà tí wọ́n wá ń ti omi wọlé láti ọdún 1964, ọ̀nà tí ó rọrùn ni omi gbà, ó gba inú Vuggy kọjá, ó sì fi èyí tí ó pọ̀ nínú epo inú Marly sílẹ̀. Níbi tí omi náà tilẹ̀ dé pàápàá, kì í kó gbogbo epo ibẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ti fi omi lásán ṣan àwo tí wọ́n fi bu epo pupa mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí: omi á kọjá lọ, epo á sì lẹ̀ mọ́ ara àwo, nítorí pé àwọn méjèèjì kò pò pọ̀.

Ohun tí gáàsì kábọ́ọ̀nù ń ṣe yàtọ̀ sí ti omi. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 31 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ìfúnpá sì ti tó nǹkan bí ìlọ́po 73 ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lójú ilẹ̀, gáàsì yìí kì í ṣe gáàsì mọ́ bí a ti mọ̀ ọ́n, kò sì tíì di omi. Ó ń wúwo bí ohun olómi, ó sì ń yọ́ wọ inú àlàfo tóóró bí afẹ́fẹ́. Ní ibi tí ó bá jìn tó 800 mítà sísàlẹ̀, ooru àti ìfúnpá inú ilẹ̀ sábà máa ń tó láti sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, Weyburn sì jìn ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí ó bá bá epo pàdé níbẹ̀, ó ń wọ inú epo náà. Epo á wú, á sì fúyẹ́, á máa ṣàn. Bí ìfúnpá bá ga tó, àwọn méjèèjì á di ọ̀kan, ààlà tí ó wà láàrin wọn á parẹ́, kò sì ní sí ohun tí ó ń so epo mọ́ ara àpáta bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Apá tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn Weyburn nìyí: gáàsì kábọ́ọ̀nù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà, bí wọ́n bá ti tì í wọlé, ó ń gòkè. Bí ó bá sì ti kúrò ní Vuggy tí ó gòkè, inú Marly ni ó ń bọ́ sí, níbi tí omi ti fi epo sílẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìwà tí ì bá jẹ́ wàhálà ní pápá mìíràn ni ó ṣe wọ́n lóore níbẹ̀.

Wàhálà náà kò sì ṣàì sí. Gáàsì fẹ́ràn ọ̀nà àbùjá. Bí wọ́n bá dá a nìkan tì wọlé, ó lè sáré tààrà láti kànga tí wọ́n ti tì í wọlé lọ sí kànga tí epo ń gbà jáde, kí ó má sì fi ọwọ́ kan èyí tí ó pọ̀ nínú epo tí ó wà láàrin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ti gáàsì wọlé fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tún ti omi tẹ̀lé e, kí omi náà lè dí ọ̀nà àbùjá, kí wọ́n sì tún padà sí gáàsì. Síbẹ̀ náà, apá púpọ̀ nínú gáàsì náà ń bá epo jáde. Wọ́n á yà á kúrò lára epo àti omi, wọ́n á tún un fún pọ̀ nínú ẹ̀rọ, wọ́n á sì dá a padà sínú ilẹ̀. Gáàsì kan lè tipa bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó bọ̀, kí ó tún lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú: ẹni tí ó bá ka gbogbo gáàsì tí ó gba ẹnu kànga wọlé ń ka ohun kan náà ní ìgbà púpọ̀. Gáàsì tuntun tí ó ti Beulah dé, lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tí ó sọnù lójú ọ̀nà kúrò, ni ó yẹ kí a kà.

Ní ti epo, ètò náà ṣiṣẹ́. Láàrin ọdún díẹ̀, epo tí ó ń jáde ní Weyburn lóòjọ́ ti gòkè dé iye tí wọn kò rí níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Gáàsì tuntun tí wọ́n sì ti fi sínú ilẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún 2000 títí di ìsinsìnyí ti ju 30 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ.

Ṣé ó dúró níbẹ̀ lóòótọ́? Ohun tí ó kọ́kọ́ dì í mú ni àpáta kan tí ó le, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àlàfo kankan, tí wọ́n ń pè ní ánháídráìtì, tí ó bo Marly lórí. Àpáta yìí náà ni ó ti di epo mú níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga síbẹ̀, n kò sì rò pé ẹ̀rí mìíràn wà tí ó lágbára tó ìyẹn. Lẹ́yìn èyí, apá kan nínú gáàsì náà ń há sínú àwọn àlàfo kéékèèké, tí omi á yí i ká, tí kò sì ní lè kúrò lójú kan mọ́. Apá kan ń yòrò sínú omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Omi tí ó bá sì ti gba gáàsì sára ń wúwo díẹ̀ ju omi tí kò gbà á lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ, kì í ṣe òkè. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, apá díẹ̀ lè bá èròjà inú àpáta ṣe pọ̀ kí ó sì di òkúta. Bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni gáàsì náà ń ṣòro í jáde sí i.

Weyburn kò sì fi gbogbo èyí sílẹ̀ fún ìgbàgbọ́ lásán. Láti ọdún 2000 sí 2012, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ṣe ìwádìí níbẹ̀ lábẹ́ ètò kan tí Àjọ Agbára Àgbáyé ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi ìró ya àwòrán inú ilẹ̀ náà kí gáàsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n sì tún ń yà á lẹ́yìn náà ní ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n lè fi èyí wé èyí, kí wọ́n sì rí ibi tí gáàsì dé. Wọ́n yẹ omi kànga àwọn àgbẹ̀ àdúgbò wò, wọ́n sì wọn gáàsì tí ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ oko. Èmi a máa sọ fún àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ pé wíwọn nǹkan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí a bá wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ lọ, nítorí pé láìsí i, kò sí bí a ṣe lè mọ ohun tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, ìdílé àgbẹ̀ kan tí ilẹ̀ wọn wà lórí pápá náà kéde fún gbogbo ayé pé gáàsì ń jò jáde nínú oko àwọn, pé adágún omi wọn ń hó, pé àwọn rí òkú ẹranko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e ká ibi gbogbo. Ẹ̀rù tí ó bà wọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ẹni tí ó ń gbé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gba ìdáhùn tí a wádìí. Àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ epo náà lọ síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà wádìí rẹ̀ sì yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ wo ọ́síjìn. Gbòǹgbò ewéko àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú ilẹ̀ ń mí, bí wọ́n bá sì ti ń mí, wọ́n ń lo ọ́síjìn, wọ́n ń tú gáàsì kábọ́ọ̀nù jáde. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé mímí wọn ni gáàsì inú iyẹ̀pẹ̀ ti wá, ibi tí gáàsì kábọ́ọ̀nù bá ti pọ̀ ni ọ́síjìn yóò ti dín kù ní ìwọ̀n tí ó bá a mu. Gáàsì tí ó bá gòkè láti abẹ́ ilẹ̀ kò lo ọ́síjìn kankan, kò sì ní fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo kábọ́ọ̀nù-14, irú kábọ́ọ̀nù kan tí ó máa ń tán díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó wà láàyè ń gba kábọ́ọ̀nù-14 láti inú afẹ́fẹ́, bí ó bá sì ti kú, ìlàjì rẹ̀ ń tán láàrin nǹkan bí 5,730 ọdún. Inú èédú ilẹ̀ ni iléeṣẹ́ tí ó wà ní Beulah ti ń yọ gáàsì rẹ̀, èédú náà sì ti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, nítorí náà kò sí kábọ́ọ̀nù-14 kankan tí ó kù nínú gáàsì tí ó ń wá láti ọ̀hún. Gáàsì tí wọ́n bá nínú oko náà ní kábọ́ọ̀nù-14 bí ti ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ti ewéko àti iyẹ̀pẹ̀ oko ni. Kò sí èyí tí ó ti inú páìpù Beulah wá nínú rẹ̀.

Mo gbà, nígbà náà, pé gáàsì lè dúró sínú ilẹ̀. Ibi tí mo ti ń bá àwọn alátìlẹ́yìn iṣẹ́ yìí jà ni ti ìṣirò. Bí a bá sun àgbá epo rọ̀bì kan, nǹkan bí 430 kìlógíráàmù gáàsì kábọ́ọ̀nù ni yóò ti inú rẹ̀ jáde. Ní Amẹ́ríkà, gáàsì tuntun tí wọ́n ń lò láti fi rí àgbá kan sábà máa ń wà láàrin 300 àti 600 kìlógíráàmù. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn, ẹ ó rí i pé pápá kan lè fi gáàsì tí ó dín sí èyí tí epo rẹ̀ yóò tú jáde pamọ́, pápá mìíràn sì lè fi èyí tí ó pọ̀ jù ú lọ pamọ́, nígbà tí a kò tilẹ̀ tíì ka iná tí wọ́n ń lò láti fi fún gáàsì náà pọ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó ń darí iṣẹ́ ni ó wà. Ẹni tí epo nìkan jẹ lógún, gáàsì jẹ́ ọjà tí ó ń fi owó rà, yóò sì sapá kí ó lè lo díẹ̀ jù lọ fún àgbá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gáàsì pamọ́ yóò fẹ́ kún inú àpáta náà títí yóò fi kún. Páìpù kan náà ni wọ́n ń lò, ìpinnu wọn ni kò papọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó burú jù ìyẹn lọ lójú mi. Iṣẹ́ fífi gáàsì yìí lé epo ti bẹ̀rẹ̀ ní Texas láti ọdún 1972, ní pápá tí wọ́n ń pè ní SACROC, ó sì ti gbilẹ̀ káàkiri ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń lò lágbègbè yẹn kì í ṣe èéfín iléeṣẹ́ kankan. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, ní McElmo Dome ní Colorado àti Bravo Dome ní New Mexico, níbi tí ó ti wà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ayébáyé. Wọ́n ń hú u jáde nínú àpáta kan, wọ́n ń fi páìpù gbé e fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, wọ́n sì ń tì í wọ inú àpáta mìíràn. Ẹni tí ó bá pe ìyẹn ní ìfipamọ́ ń tan àwọn èèyàn jẹ. Weyburn sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kí páìpù náà tó dé, ojú òfurufú ni gáàsì Beulah ń lọ.

Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá ti yí ojú padà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 fún ẹni tí ó bá kó gáàsì láti ẹnu iléeṣẹ́ tí ó sì fi pamọ́ lásán ní ìdínkù owó orí tí ó tó 85 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan, ó sì fún ẹni tí ó bá fi lé epo ní 60 dọ́là. Òfin ọdún 2025 ti sọ iye méjèèjì di ọ̀kan náà fún àwọn iṣẹ́ tuntun. Mo rò pé àṣìṣe ńlá ni. Ẹni tí ó fi lé epo ti rí epo tà tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tí ó wúlò nínú fífi gáàsì lé epo, tí àwọn tí kò fẹ́ ẹ kì í sábà sọ. Bí epo bá ń jáde, àyè ń ṣí sílẹ̀, ìfúnpá kò sì ní ga kọjá bó ti yẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń ti gáàsì wọlé láìmú nǹkan kan jáde, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Sleipner, nínú Òkun Àríwá ní apá ti Norway, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì sínú àpáta oníyanrìn ní ọdún 1996, ó sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ ti fi owó orí lé gáàsì kábọ́ọ̀nù ní 1991, àpáta náà sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí wàhálà. Ní Snøhvit, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ìfúnpá ga kíákíá lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008, wọ́n sì ní láti wá àpáta mìíràn ní 2011. Ní In Salah, nínú aṣálẹ̀ Algeria, sátẹ́láìtì rí i pé ojú ilẹ̀ ń ga ní nǹkan bí mílímítà márùn-ún lọ́dún lórí ibi tí wọ́n ti ń ti gáàsì wọlé. Ní 2011, wọ́n dá a dúró.

Kò ṣeé ṣe kí n kọ gbogbo èyí kí n má ronú kan ilé. Ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin ní ọdún 1979 pé kí àwọn iléeṣẹ́ epo gbé ètò kalẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa lo gáàsì tí ó ń bá epo jáde, tàbí bí wọn yóò ṣe máa dá a padà sínú ilẹ̀, àti pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáná sun ún láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà. Gáàsì tí òfin náà ń sọ kì í ṣe gáàsì kábọ́ọ̀nù, èyí tí a lè fi dáná ni. Bí wọ́n bá dá a padà, ó ń gbé ìfúnpá ró kí epo lè máa jáde, a sì tún lè hú u lò lọ́jọ́ iwájú. Ó ṣeé ṣe: ní pápá Oso, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 nínú òkun ní ìlà-oòrùn, dídá gáàsì padà sínú ilẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà kà. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àṣẹ mínísítà ń jáde lọ́tùn-ún lósì, owó ìtanràn sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rọrùn láti san án ju kí èèyàn ra ẹ̀rọ lọ. Títí di ìgbà tí wọ́n gbé e sí dọ́là 2 ní 2018 fún àwọn tí ó ń wa epo púpọ̀, náírà 10 ni lórí ẹgbẹ̀rún kan ìwọ̀n ẹsẹ̀ (cubic feet) gáàsì láti ọdún 1998. Àwọn ará Ìlàjẹ ní etíkun Oǹdó àti àwọn ará ìlú Niger Delta ni wọ́n ń fi ojú rí iná náà lálaalẹ́. Ó dùn mí gidigidi, nítorí pé ìmọ̀ kọ́ ni ó wọ́n wa.

Ní báyìí tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà náà pé àwọn pápá tí ó ti gbẹ lè gba gáàsì kábọ́ọ̀nù sínú, ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ béèrè ni àwọn kànga àtijọ́. Kànga kọ̀ọ̀kan tí ó bá ti la àpáta tí ó bo epo mọ́lẹ̀ kọjá ti di ihò lára ìdérí náà, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí i nìkan ni ó sì kù. Ní Weyburn, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, àwọn kànga àtijọ́ ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ jù lọ. Ọdún 1956 ni wọ́n gbẹ́ kànga àkọ́kọ́ tí ó ní epo gidi ní Oloibiri, wọ́n sì ti fi pápá náà sílẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1970. Kí ẹnikẹ́ni tó ti gáàsì wọ irú pápá bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá ìwé kànga kọ̀ọ̀kan jáde, kí ó mọ bí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ṣe jìn tó àti ọdún tí wọ́n dà á, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ dán an wò, kí ó sì fi èsì rẹ̀ síta níbi tí àwọn tí ń gbé lórí ilẹ̀ náà yóò ti lè kà á.